Ẹja yín ò jà o Màmá, ẹyin ni wọ́n ń yé

Màmá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì n'Ìkẹ́rẹ́ ló kọ̀wé sí mi. Koi méje, àwọn ẹja aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń sìn fún ẹwà, ló wà nínú pọ́ńdì kọnkéré tí ọmọ wọn ṣe sí iwájú ilé fún wọn, ojúoró wà lójú omi ẹ̀, ó ti ń lọ sí ọdún kẹrin báyìí. Wọ́n ní òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbà tí wọ́n máa jí, ẹja mẹ́ta ń lé ọ̀kan kiri, wọ́n ń gbá a mọ́ ògiri, omi ń hó bí ìgbà téèyàn da ọṣẹ sí i, ó tún ń rùn. Wọ́n rò pé ìjà ni, wọ́n bá yọ èyí tí wọ́n ń lé yẹn sínú bàsíà, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dá a padà. Wọ́n wá ń bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé oyún ló wà nínú ẹja yìí ni àbí àìsàn? Tó bá jẹ́ pé ó bímọ, níbo làwọn ọmọ náà wà?"

Ẹ kú ulé o Màmá, ẹ jẹ́ n fi tiwa kí yín. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sì sí àìsàn kankan. Ẹyin ni wọ́n yé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn mẹ́ta tó ń lé e kiri, akọ ni gbogbo wọn, èyí tí wọ́n ń lé, tí ẹ ní ó tóbi jù tí ikùn ẹ̀ sì rí roboto, abo nìyẹn. Ti àwọn ọmọ tí ẹ ò rí, ká má parọ́, wọ́n ti jẹ ẹyin yẹn, àwọn tó yé e gan-an ló jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù, koi ò mọ̀ pé ọmọ òun ni, ohunkóhun tó bá ṣáà ti kéré, tó rọ̀, tó gba ẹnu ẹ̀, oúnjẹ ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ gan-an nìyẹn o, koi ò nílò ìrànlọ́wọ́ yín kó tó yé, á yé nígbà tó bá wù ú, iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ gba ẹyin lẹ́nu ẹni tó yé e.

Ọ̀rọ̀ oyún tí ẹ sọ yẹn, koi kì í lóyún. Ẹyin ló máa ń kún inú abo, inú omi ló sì máa ń da ẹyin ọ̀hún sí, akọ á da àtọ̀ tiẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, ìta ara ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń ru àwọn èèyàn lójú ni pé àrọ̀ ni gbogbo wa ń sìn l'Èkìtì níbí, àrọ̀ inú tánkì kì í sì í yé fúnra ẹ̀, àfi kí wọ́n gún abo lábẹ́rẹ́ Ovaprim, oògùn tó ń mú ẹja yé, kí wọ́n dúró fún bíi wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fọwọ́ fún ẹyin jáde sínú abọ́, kí wọ́n wá pa akọ kí wọ́n tó rí àtọ̀ ẹ̀ lò. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn á rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti koi. Rárá o. Koi tó bá ti dàgbà, tó yó, tó rí omi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á yé ni, ẹ ì báà fẹ́, ẹ ì báà kọ̀. Àwọn tó ń sìn ín tà rẹpẹtẹ máa ń fún un lábẹ́rẹ́ torí wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ àti wákàtí tó máa yé, ẹ̀yin ò nílò wàhálà yẹn.

Tiyín ti tó ọjọ́ orí. Akọ máa ń tó ọkọ ṣe tó bá ti ń lọ sí ọdún méjì, abo máa ń tó bí ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹyin abo tó ti wà láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ló dáa jù, ti àkọ́yé kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í sì í pa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ẹ dúró lókè kẹ́ ẹ wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá wá jẹun, akọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn bọọrọ láti orí dé ìrù, abo ní tiẹ̀ fẹ̀ láàárín bí ọkọ̀ ojú omi. Èyí tó tún dájú ju ìyẹn lọ, tí àsìkò yíyé bá ti ń bọ̀, nǹkan funfun wínníwínní máa ń hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ akọ níbi tó fi ń mí àti sí lẹbẹ ẹ̀ méjèèjì tó wà níwájú, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ tútù pa á, á máa ṣe ṣákiṣàki lọ́wọ́ yín bí ewé ìpín tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán igi. Ọmọkùnrin kan pè mí lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rù ti bà á, ó ní àrùn funfun ti mú ẹja òun, ó ti da oògùn sómi. Mo ní kó lọ wo ara ẹja náà dáadáa, ṣé ó dé ẹ̀yìn, ṣé ó dé ìrù, ó ní rárá o, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀, akọ ẹ̀ ń múra ìyàwó ni.

Akọ méjì tàbí mẹ́ta sí abo kan ló dáa. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, ẹyin púpọ̀ ló máa ṣòfò, bó bá sì lọ jẹ́ márùn-ún, wọ́n lè pa abo náà sí ara ògiri, ẹ máa bá a pẹ̀lú ìpẹ́ tó ti ṣí kúrò lára. Torí náà yíyọ tí ẹ yọ ọ́ yẹn ò burú, bó tiẹ̀ jẹ́ pé nǹkan míì lẹ rò tẹ́ ẹ fi yọ ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òjò. Nílùú àwọn olótùútù, koi máa ń dúró di ìgbà tí omi bá gbóná dé bíi digirí 18 sí 22, ìyẹn lẹ́yìn tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló sábà máa ń yé lọ́dọ̀ tiwọn. Níbí ńkọ́? Omi tiwa ti gbóná tóyẹn látoṣù dóṣù, àfi àárọ̀ ọyẹ́ tó lè tutù díẹ̀, ẹja ò dúró de ooru kankan. Òjò ló ń dúró dè. Àwọn àgbà ló ní omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́, àwa ń fi ìyẹn sọ̀rọ̀ èèyàn, àmọ́ ẹni tó bá ń sin koi á rí i pé àwọn tó sọ ọ́ ti jókòó létí odò rí. Òjò ńlá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, bíi oṣù kẹta sí ìkẹrin, á fọ ìdọ̀tí inú omi di fẹ́lẹ́, á jẹ́ kó tutù díẹ̀ lójijì, á gbé afẹ́fẹ́ wọnú ẹ̀, ẹja á ti mọ̀ pé àsìkò tó. Ìgbà míì lẹ́yìn tí òjò oṣù kẹjọ bá dáwọ́ dúró tó tún wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún yé. Abo kan wà lọ́wọ́ mi tó yé ní oṣù kẹrin tó tún yé ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà.

Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ dúró de òjò, ẹ lè tan wọ́n. Ẹ fa omi pọ́ńdì sílẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kẹ́ ẹ jẹ́ kí oòrùn pa ìyókù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé rọ́bà tí ẹ ti dá lu wínníwínní sókè, kó máa wọ́n omi tuntun sí i bí òjò títí tó fi máa kún padà. Omi bòhóòlù ò ní afẹ́fẹ́ nínú tó bó ṣe ń jáde láti ilẹ̀, wíwọ́n tó ń wọ́n látòkè yẹn á bá yín tún un ṣe. Omi ìjọba tó ní kúlórínì ní tiẹ̀, ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ kó sùn mọ́jú kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń rí tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. Àárọ̀ kan lẹ́yìnkùlé mi n'Ádó, òjò ti dá, ilẹ̀ ò tíì là dáadáa, bí aago márùn-ún àbọ̀, ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, gbàà, gbàà, bí ẹni ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá omi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Abo wà níwájú, akọ méjì fi í sáàárín, ọ̀kan ń fi orí kàn án níkùn láti ìsàlẹ̀, wọ́n tì í wọnú gbòǹgbò ojúoró, gbogbo wọn gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ bíi kéèyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún sá yípo, wọ́n tún padà síbẹ̀. Mo na ọwọ́ mú ojúoró kan sókè. Gbòǹgbò tó dúdú lánàá ti kún fún ẹyin, wọ́n ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ tó kéré ju orí ìṣáná lọ, àwọ̀ oyin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo gbọ̀n ọ́n, ọ̀kan ò já bọ́, ó lẹ̀ bí àtè. Wọ́n ṣe é títí di aago mẹ́sàn-án, omi hó, ó sì ń rùn bí ẹja tútù tó sùn lọ́jà, ohun tí ẹ̀yin náà rí nìyẹn. Àtọ̀ akọ àti ẹyin tó fọ́ ló ń hó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó o, omi yẹn máa ń le débi pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á tán, àwọn ẹja ńlá á wá máa la ẹnu lókè omi, torí náà tí wọ́n bá ti parí, ẹ da tó ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà nù kẹ́ ẹ fi tuntun sí i.

Abo tó wọn kílò kan lè yé tó ẹyin 100,000. Ẹ tún un kà. Kí ẹ wá sọ pé ẹ ò rí ọmọ kankan!

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti gbé sómi kí wọ́n tó yé ni ibi tí ẹyin máa lẹ̀ mọ́, tó ṣeé gbé jáde. Ojúoró ní í lékè omi lóòótọ́, gbòǹgbò ẹ̀ gan-an ló wúlò jù níbí, tó bá pọ̀ lójú pọ́ńdì yín ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní, kó lọ ra àpò ráísì tó ti gbó ní Ọjà Ọba, kó tú fọ́nrán ẹ̀, kó so ó ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ bí ìgbálẹ̀, kó fi òkúta kékeré so ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi ti fi kàn-ìn-kàn-ìn ìbílẹ̀ gbìyànjú rí, ẹyin lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa ju àpò lọ, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kẹta omi ti pọ́n bí àgbo, mo padà sídìí àpò ráísì mi jẹ́jẹ́.

Wọ́n parí tán, kó tó di aago mẹ́wàá, ẹ gbé àwọn ojúoró tàbí àpò ọ̀hún kúrò pẹ̀lú ẹyin lára wọn, ẹ kó wọn sínú bàsíà ńlá tàbí tánkì tápólì kékeré tí omi inú ẹ̀ ò ju ìdajì mítà lọ, omi inú pọ́ńdì kan náà tàbí èyí tó bá a dọ́gba ní tútù àti gbígbóná ni kẹ́ ẹ bù sí i. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi, kó máa rọra fẹ́ ẹ, kí oòrùn má sì pa á tààrà. Èyí tó bá funfun bí wàrà nínú ẹyin náà ti kú, kò gba àtọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ á hu irun bí òwú, òwú yẹn á ràn mọ́ àwọn tó wà láàyè nítòsí ẹ̀. Methylene blue díẹ̀, oògùn aláwọ̀ búlúù táwọn tó ń sin ẹja máa ń lò, máa ń dá a dúró, kí omi kàn ṣe búlúù fẹ́lẹ́ ni o, kó má dà bí aró. Lọ́jọ́ kejì, tẹ́ ẹ bá wo ẹyin tó dáa sí ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rí ojú dúdú méjì nínú ẹ̀. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló máa ń pa, níbi tó bá tutù ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún.

Tí wọ́n bá pa tán, wọn ò ní lúwẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀ o, wọ́n á há mọ́ ara ògiri àti àpò bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún aṣọ, bíi ọjọ́ méjì. Ẹ má fún wọn ní nǹkankan, pupa ẹyin ṣì wà níkùn wọn tí wọ́n ń jẹ. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé wọ́n lọ sókè omi, wọ́n gbé afẹ́fẹ́ mì, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ gbọọrọ, ìgbà yẹn ni ebi bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ yẹn ni mo ti jìyà rí. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo gba ẹyin, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí omi wọn mọ́ gaara, mo gbé fílítà tó lágbára sí i, mo sùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì bàsíà ṣófo. Mo ní bóyá àkèré ni, àbí ọmọ àdúgbò ló wá dà á nù. Ìgbà tí mo tú fílítà, inú fóòmù ni gbogbo wọn wà, ó ti fà wọ́n mọ́ra pátá. Látìgbà yẹn, ọmọ ẹja ò rí fílítà lọ́dọ̀ mi mọ́ àfi tí mo bá ti fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì tó le dì í lẹ́nu, omi ni mo máa ń pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́.

Oúnjẹ wọn ò le. Ẹ se ẹyin adìyẹ kó jinná dáadáa, ẹ bu pupa ẹ̀ tó bí ẹ̀pà kan, ẹ dì í sínú áńkáṣíìfù tó mọ́, kẹ́ ẹ fún un sínú omi, á jáde bí èéfín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀, torí pé èyí tó bá ṣẹ́ kù á jẹrà, á sì pa wọ́n. Àtẹ́míà, ìyẹn ọmọ edé wínníwínní táwọn tó ń pa ọmọ àrọ̀ máa ń lò, dáa ju ẹyin lọ, wàhálà ẹ̀ ni pé ó wọ́n. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ò náni lówó rárá, kẹ́ ẹ ti pọn omi sí tánkì míì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ sínú àpò kékeré so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, omi á di àwọ̀ ewéko, àwọn kòkòrò tí ojú ò fi bẹ́ẹ̀ rí á kún inú ẹ̀, ẹ wá máa bù ú fáwọn ọmọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti lè jẹ fíìdì lúbúlúbú.

Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí wọn o. Gbogbo èèyàn ló ń ṣọ́ ẹyẹ apẹja àti ejò, wọn ò mọ̀ pé lámilámi yẹn, tó rẹwà tó ń fò kiri lójú omi, ẹyin lòun náà wá yé, ọmọ ẹ̀ á pa sínú omi, á wá máa mú ọmọ ẹja jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́sàn-án lóru. Èmi ti bá mẹ́rin nínú bàsíà kan rí, wọ́n sanra.

Ẹ tún bi mí bóyá ẹ lè máa tà wọ́n. Ẹ lè tà, àmọ́ ẹ má retí pé gbogbo ọmọ á jọ ìyá. Koi ò ṣẹ̀dá ara ẹ̀, ẹja kápù lásán tí àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní Niigata lórílẹ̀-èdè Japan ń sìn fún jíjẹ ni, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ Ìgbẹ́mọ tiwa níbí tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, wọ́n ń rí ọ̀kan tó pupa, ọ̀kan tó funfun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yà á sọ́tọ̀, nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọdún 1914 tí wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Tokyo ni okìkí ẹ̀ kàn. Torí náà ẹ̀jẹ̀ kápù yẹn ṣì wà lára wọn. Àwọn funfun-pupa méjì lè bí ọ̀pọ̀ tó funfun báláú, òmíì pupa láìlábàwọ́n, òmíì ẹnu ẹ̀ wọ́. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n, àwọn tó gbọ́n níṣẹ́ yìí kì í fi ju ìwọ̀nba kékeré sílẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Tẹ́ ẹ bá ní kí gbogbo wọn máa gbé, àyè ò ní gbà wọ́n, wọn ò ní dàgbà, omi á bàjẹ́, gbogbo wọn á kú pọ̀. Ó máa ń ṣe mí bákan, mo mọ̀ pé á ṣe ẹ̀yin náà. Àwọn tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ fún ẹni tó ń sin àrọ̀ kó fi bọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dà wọ́n sódò, kápù máa ń fi ẹnu tú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò títí omi á fi dàrú, àwọn ẹja ìbílẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀.

Abo yín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì. Tí ìpẹ́ bá ti ṣí tàbí tó pọ́n, ẹ gbé e sínú tánkì ọ̀tọ̀, iyọ̀ kílò mẹ́ta sí omi lítà 1,000, tó bá jẹ́ dírọ́ọ̀mù lítà 200, gíráàmù 600, fún bíi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má da iyọ̀ sí pọ́ńdì ńlá, ojúoró yín á kú.

Ojúoró yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò lónìí kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Mo sọ lókè pé wọ́n ti jẹ ẹyin yẹn, ṣùgbọ́n ẹyin tó pọ̀ tóyẹn, díẹ̀ lè ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ bu omi pọ́ńdì sínú bàsíà funfun kan, ẹ rọra gbé ojúoró kọ̀ọ̀kan sókè kẹ́ ẹ fi gbòǹgbò ẹ̀ jọ̀ sínú ẹ̀, ẹ wọ dígí yín, kẹ́ ẹ dúró kí omi rọlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tó dà bí irun ìpéǹpéjú, tó ní ojú méjì, tó ń sá kúrò lábẹ́ òjìji yín, ẹ lọ se ẹyin adìyẹ kan.